Agolo Tí Kò Ní Ọmọrí

Kò sí ẹni tó kú nínú ìtàn yìí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó bá ti múra ẹkún sílẹ̀ lè ká aṣọ ìnujú rẹ̀ padà sápò. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ṣubú nínú rẹ̀, láti orí àga tí kò tíì jókòó sí rí. Ẹni tó bá sì ṣubú bẹ́ẹ̀, egungun rẹ̀ kì í kán. Ojú ló máa ń tì í.

Ní Winschoten, ní ìhà Groningen ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ débi pé bí àna ẹni bá ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀, a ó ti rí i lókèèrè, a ó sì ti ráyè gbé bísíkíìtì tó dára pamọ́. Ahun kọ́ ni wá. Ètò ni. Bí àlejò bá dé, a ó fún un ní kọfí. Bí kọfí bá délẹ̀, a ó gbé agolo bísíkíìtì jáde, a ó ṣí i, a ó nà án sí àlejò, àlejò á mú ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà, a ó fi ọmọrí dé agolo. Pà! Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ohun tí ìró yẹn ń sọ. Ìjọba ti yí padà lójú wa, owó ti yí padà, ṣọ́ọ̀ṣì ti di ilé ìtàwé, ṣùgbọ́n ìró ọmọrí kò yí padà.

Ilé iṣẹ́ Tammeling ló ń ṣe bísíkíìtì náà, òun náà ló ń ṣe agolo. Opó tó ni ín, Màmá Tammeling, jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, kẹ̀kẹ́ ló sì ń gùn wá síbi iṣẹ́, òjò ìbáà rọ̀, yìnyín ìbáà bọ́. Màmá ti kéde pé lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, nínú oṣù Kẹsàn-án, òun yóò dìde lórí àga ọ̀gá àgbà, òun yóò sì dárúkọ ẹni tí yóò jókòó síbẹ̀. Kì í ṣe àga ńlá. Igi lásán ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, wọ́n fi páálí ki abẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, nítorí àga yìí, Ọ̀gbẹ́ni Reinout van Schimmelhaag kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn.

Den Haag, ìlú tí ìjọba wa fi ṣe ibùjókòó, ni Reinout ti wá, ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹni tó wá máa bójú tó ìpolówó ọjà ni wọ́n gbà á fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi pé oṣù kan, oyè tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ ti di: Ọ̀gá Pátápátá fún Ìkéde, Ìrísí, àti Àjọṣe Ìfẹ́ Láàárín Bísíkíìtì àti Ọmọ Ènìyàn. Ilẹ̀kùn kò gbà á tán. Káfíńtà ní láti kan ìyókù mọ́ ògiri.

Ìṣòro kan ló ní lọ́dọ̀ wa: a kì í yin ènìyàn. Ìyìn tó ga jù lọ ní Groningen ni, "Ó lè burú jù báyìí lọ." Bí ọkọ bá fẹ́ yin ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ohun tí yóò sọ nìyẹn, ìyàwó á sì sunkún ayọ̀. Nígbà tí Reinout kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ han Màmá Tammeling, Màmá wò ó títí, ó ní, "Ó lè burú jù báyìí lọ." Ọjọ́ mẹ́ta ni Reinout fi wà lórí ibùsùn. Nígbà tó dìde, ó ránṣẹ́ sí Den Haag, wọ́n fi Jorrit ránṣẹ́ sí i. Igbákejì ni ìwé pe Jorrit. Iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ni kí ó máa gbóríyìn fún ọ̀gá rẹ̀, láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, ní aago mẹ́sàn-án.

"Jorrit, báwo lo ṣe rí ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé ọjọ́ Ẹtì?"

"Ọ̀gá, mi ò lè pa á mọ́ra. Mo jí ìyàwó mi. Mo ní, 'Dìde, gbọ́ ohun tí ọ̀gá wa sọ.'"

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó bú sẹ́kún, ọ̀gá."

"Irú ẹkún wo?"

"Èyí tó gùn, sà."

Òótọ́ ni Jorrit sọ. Obìnrin náà sunkún. Oorun ló ń kùn ún.

Nínú oṣù Kejì ni Reinout rán àwọn ènìyàn jáde pé kí wọ́n bi ẹgbẹ̀rún kan oníbàárà ní ìbéèrè kan: "Bí wọ́n bá gbé bísíkíìtì kejì fún ọ, ṣé wàá gbà á?" Nínú ọgọ́rùn-ún, mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ló ní àwọn yóò gbà á. Reinout gbé èsì náà wọ ìpàdé bí ẹni tó gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

"Ẹ̀yin ará," ó ní, "láti ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ènìyàn yìí ti ń jókòó síwájú agolo tí a pa dé. Itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Wọ́n ń wo ọmọrí, ọmọrí ń wò wọ́n. Ta ni yóò tú wọn sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá," ni Jorrit wí.

"Kì í ṣe èmi nìkan, Jorrit."

"Ẹ̀yin nìkan ni, ọ̀gá. Ẹ má jẹ́ ká pín in."

"Ó dáa. Láti òní lọ, agolo Tammeling kò ní ní ọmọrí mọ́!"

Obìnrin kan na ọwọ́ sókè láti ẹ̀yìn. Femke ni, ẹni tó ń gbé fóònù. Láti ọdún mọ́kànlá ló ti wà nínú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, tí àwọn ìyá àgbà ń pè é pé bísíkíìtì kan kán nínú agolo àwọn, tí òun náà ń bá wọn kẹ́dùn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Nílé ta ni?"

"Nílé ta ni kí ni?"

"Bísíkíìtì kejì tí wọ́n láwọn fẹ́ yẹn. Ṣé nílé ara wọn ni, àbí nílé ẹlòmíràn?"

Reinout rẹ́rìn-ín músẹ́, bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé tó béèrè ibi tí oòrùn ń sùn. "Femke, bísíkíìtì kò ní ilé."

Jorrit sáré kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibùdókọ̀.

Màmá Tammeling gbọ́ ọ, ó sì pe Reinout. "Ìpolówó, iṣẹ́ tìẹ ni," Màmá wí. "Mi ò ní dá ẹ dúró. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ nípa àga yìí. Màá wo bí ọ̀rọ̀ agolo yìí ṣe parí kí n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Létí Reinout, ìlérí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ìyá ọkọ rí mọ̀ pé ìlérí kọ́.

Agolo tuntun jáde nínú oṣù Kẹrin. Dípò ọmọrí, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bo ẹnu rẹ̀. Bó bá ti ya, ó ti ya náà nìyẹn. Ìpolówó tún jáde lórí tẹlifíṣàn. Nínú rẹ̀, ìyá arúgbó kan tó fún ẹnu pọ̀ fi ọmọrí dé agolo bí wọ́dà ṣe ń ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́lé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń sunkún. Lójijì, ọkùnrin arẹwà kan já wọlé, ó gba ọmọrí lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó sì jù ú sínú odò tó wà lẹ́yìnkùlé. Ohùn kan ní: "Jẹ ìkejì! Bọ́ sí òmìnira!" Ọkùnrin arẹwà náà jọ Reinout. Ohun tó fà á ni pé Reinout ni.

Ẹ dúró díẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé, kí a jọ rò ó. Ta ló ń ra bísíkíìtì? Ìyá àgbà. Ta ni wọ́n fi ṣe wọ́dà? Ẹ má dáhùn. Àwọn tó kàwé jù wá lọ ló jókòó rò ó fún oṣù méjì.

Ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè kò purọ́. Gbogbo wa la fẹ́ ìkejì, nílé ẹlòmíràn. Kò sí ìyá kankan láti ibí dé Delfzijl tó fẹ́ fún ni ní ìkejì nílé ara rẹ̀ kí ó tó tó àsìkò.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́kẹ́ pa. Reinout ní ìyanu ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọ̀kan kà báyìí: "Ọ̀gbẹ́ni, bísíkíìtì yín ti rọ̀ bí aṣọ ìnulẹ̀." Ìkejì: "Ọmọrí tí ẹ jù sódò yẹn jọ ti ìyá mi. Ẹ wọ inú omi lọ yọ ọ́." Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, nítorí àlejò ló kọ ọ́: "Mo lọ kí àbúrò mi obìnrin. Agolo wà ní ṣíṣí. Nítorí pé n kò gbọ́ ìró ọmọrí, n kò mọ ìgbà tó yẹ kí n máa lọ sílé. A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. A kò fẹ́ràn ara wa tó bẹ́ẹ̀."

Ní Bellingwolde, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ṣèpàdé, wọ́n fẹnu kò pé kí oníkálukú máa fi àwo ìjẹun dé agolo rẹ̀. Obìnrin kan nínú wọn fi Bíbélì dé tirẹ̀. Pásítọ̀ gbọ́, ó ní òun kò rí ohun tó burú níbẹ̀, pé ó kéré tán, wọ́n ti gbé e kúrò lórí pẹpẹ ìwé.

"Jorrit," ni Reinout wí, "lẹ́tà mélòó ló wọlé lọ́sẹ̀ yìí?"

"Irínwó lé méjìlá, ọ̀gá."

"Èyí tó wọlé lọ́dún tó kọjá ńkọ́?"

"Mẹ́sàn-án, ọ̀gá."

"Ṣé o rí i? Ìfẹ́ ń pọ̀ sí i."

Àwọn onísọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í dá páálí bísíkíìtì padà. Ilé iṣẹ́ rédíò ìpínlẹ̀ wá pe Reinout pé kó wá bá aráàlú sọ̀rọ̀. Ó wọ táì aláwọ̀ búlúù lọ sórí rédíò.

"Ó dùn wá," ó ní, "pé àwọn kan kò tíì ṣetán fún irú ìfẹ́ tí a ní sí wọn."

Olóòtú ètò tẹ́tí, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àforíjì lẹ ń tọrọ ni?"

"Rárá o. Mò ń dárí jì wọ́n ni."

Ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́tà tó fà kò ṣeé kà mọ́. Wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó o.

Màmá Tammeling tún ránṣẹ́ pè é.

"Reinout, jókòó. Oṣù Kẹjọ la wà."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Oṣù kan ló kù kí n dárúkọ ènìyàn."

"Màmá, mo ní ètò kan."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn."

"Mo fẹ́ lọ sílé oníbàárà fúnra mi, lórí tẹlifíṣàn, lójúkojú. Ìyá àgbà á gbé agolo fún mi, màá mú ìkejì, ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilẹ̀ Nẹ́dálándì á tẹ̀lé e."

"Ìyá àgbà wo?"

"Jorrit ń wá èyí tó máa ń rẹ́rìn-ín."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Jorrit fi wá a. Ní Finsterwolde ló ti rí Màmá Geessien Drenth, tí yóò pé ẹni ọgọ́rin ọdún lọ́jọ́bọ̀. Wọ́n ní ó ti rẹ́rìn-ín rí, nígbà kan. Màmá Geessien gbà kí wọ́n wá nítorí pé àwọn oníkámẹ́rà ní àwọn yóò gbé àga tiwọn dání.

Bí ẹ bá lọ síbi ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ wa, àga yóò yí pálọ̀ ká, orúnkún yóò kan orúnkún. Ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ yí gbogbo rẹ̀ po, kó bọ oníkálukú lọ́wọ́, kó kí i kú oríire: àna, aládùúgbò, ọmọ àbúrò, títí dórí ẹni tó jẹ́ pé ọkọ ló kàn mú un wá. Ẹni mẹ́tàlélógún ló jókòó lọ́jọ́ náà. Reinout kò bọ ẹnì kankan lọ́wọ́. Àárín ló lọ dúró sí, ó kọjú sí kámẹ́rà.

"Màmá Geessien! Orílẹ̀-èdè ń wò yín!"

"Mo ti rí wọn," ni Màmá wí. "Lọ nu bàtà ẹ."

Ó nu bàtà, ó padà wá. Wọ́n fún un ní kọfí, irú èyí tó ti wà lórí iná láti àárọ̀. Reinout fi ètè kàn án, ó gbé ife sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Màmá Geessien na agolo sí i. Ó mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́, ó ń jẹ ẹ́ fún kámẹ́rà. Màmá gbé agolo lé orí itan. Ọmọrí àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, èyí tó tọ́jú láti ara agolo ìṣáájú.

Reinout gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yin ará, lónìí, ẹ̀wọ̀n já!" Ó sì ti ọwọ́ bọ agolo.

Ìyàwó ọmọ Màmá Geessien di ojú rẹ̀.

Pà!

Kò le. Bí a ṣe ń lé eṣinṣin ni. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́rin ọ̀gá pátápátá ló wà nínú agolo, ìyókù rẹ̀ sì wà níta, gbogbo orílẹ̀-èdè ń wò ó.

"Màmá, ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀."

"Mo rí i."

"Ìkejì ni mo kàn fẹ́ mú."

"Kọfí ẹ ńkọ́?"

"Kí ló ṣe kọfí mi?"

"O ò mu ún. Ife kejì ni ìkejì máa ń bá rìn. Ife kìíní rẹ rèé, ó kún dẹ́nu. Níbo ni wọ́n ti tọ́ ẹ dàgbà?"

Bàbá Harm, ẹ̀gbọ́n Màmá Geessien, tí etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn mọ́, tẹ̀ síwájú. "Kí ló ní òun ń fẹ́?"

"Ó ní òun ń fẹ́ ìkejì, Bàbá," ni ìyàwó ọmọ Màmá wí.

"Ṣé ó ti mu kọfí ẹ̀?"

"Kò mu ún o."

"Háà," ni Bàbá Harm wí.

"Háà" yẹn wọ gbogbo ilé tó ní tẹlifíṣàn. Reinout wo ẹ̀yìn, ó ń wá Jorrit kí ó gbà á. Jorrit jókòó láàárín àwọn ẹbí, ó ti bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ nígbà tó wọlé, ó ń mu ife kejì. Bísíkíìtì kejì wà lórí àwo rẹ̀. "Ọ̀gá," ó ní, "ó dùn o."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ọmọrí ike oúnjẹ gbá ara wọn lọ́wọ́ ṣeré nínú ọkọ̀ ojú irin. Fóònù ilé iṣẹ́ Tammeling kò sinmi. Reinout ti ara rẹ̀ mọ́ ọ́fíìsì, ó ń kọ àlàyé. Ó ti dé ojú ewé keje, kò sì tíì kan ọ̀rọ̀ bísíkíìtì, nígbà tí akọ̀ròyìn kan pe nọ́ńbà oníbàárà. Femke ló gbé e.

"Kí ni ilé iṣẹ́ yín ní í sọ?"

"A ṣe àṣìṣe," ni Femke wí. "A rò pé a mọ ilé wọn jù wọ́n lọ. Ọmọrí ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti ra èyí tí kò ní ọmọrí, kó pè mí, màá fi tiẹ̀ ránṣẹ́ sí i."

"Ìkejì tí ẹ ṣèlérí ńkọ́?"

"Ìkejì wà. Kí wọ́n mu kọfí kejì."

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni oyè yín níbẹ̀?"

"Mi ò ní oyè. Fóònù ni mò ń gbé."

Ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́, kò tó ìlà mẹ́rin. Lọ́jọ́ kejì, àwọn onísọ́ọ̀bù ń béèrè ìgbà tí ẹrù yóò dé. Káàdì kan wá láti Bellingwolde, láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni: "Ó lè burú jù báyìí lọ." Màmá Tammeling kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún.

Ọjọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún pé. Gbogbo òṣìṣẹ́ péjọ, wọ́n mu kọfí, wọ́n jẹ bísíkíìtì kọ̀ọ̀kan. Reinout wọ kóòtù tuntun. Ojú ewé mẹ́rìnlá wà ní àpò rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó yan òun. Ẹ má fi ṣẹ̀sín. Ó ti rò ó síwá sẹ́yìn pé kò sí ilé tí wọn kò ti mọ orúkọ òun báyìí, ta ni wọn ìbá tún mú?

Màmá Tammeling dìde. Òun kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ mí," ó ní. "Femke, wá jókòó."

Femke wo ẹ̀yìn bóyá Femke mìíràn wà níbẹ̀. "Màmá, mi ò mọ nǹkan kan nípa ipò ọ̀gá."

"Ìwọ lo béèrè pé nílé ta ni. Kò sẹ́lòmíràn tó béèrè, èmi gan-an kò béèrè. Wá jókòó. Má fara ti apá òsì, ẹsẹ̀ ibẹ̀ kúrú."

Femke jókòó. Ó wá ronú kan ohun tó ká a lára jù. "Màmá, ta ni yóò máa gbé fóònù?"

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ojú gbogbo wọn ló kàn yí lọ síbì kan náà.

"Ohùn ẹ̀ dára," ni Màmá Tammeling wí. "A kì í lé ènìyàn lọ nítorí bísíkíìtì."

Káfíńtà ṣiṣẹ́ di ọ̀sán kí ó tó tú oyè kúrò lára ilẹ̀kùn àti ògiri tán. Ní yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ ààrò, fóònù dún. Reinout gbé e.

"Ẹ káàsán o. Èyí ni ilé iṣẹ́ Tammeling, Ọ̀gá Pátápátá tẹ́lẹ̀ rí fún Ìkéde, Ìrísí, àti Àjọṣe..."

Wọ́n ti pa fóònù. Ìkejì náà pa á. Ẹ̀kẹta rò pé ẹ̀rọ ni, ó ní kí ẹ̀rọ náà fún òun ní ènìyàn. Nígbà tí ó di ìkọkànlá, òógùn ti bo Reinout, ooru ààrò ti mú un tú táì.

"Tammeling. Reinout ni. Kí ni mo lè bá yín ṣe, Màmá?"

"Ọmọrí ni mo fẹ́," ni ohùn arúgbó kan wí láti Delfzijl. "Dúró ná. Ṣé kì í ṣe ìwọ ni wọ́n pa agolo dé mọ́ lọ́wọ́?"

Ààrò ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Èmi ni, Màmá."

"Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Ó dùn mí díẹ̀."

"Ó dáa," ni ìyá náà wí. "Mú bírò. Kọ àdírẹ́sì mi sílẹ̀."